Ìyá Mi Ti Di Ìyá Sẹ̀namí

Owú ìyá mi ni mò ń jẹ. Ẹ kà á dáadáa o, kì í ṣe owú ọkọ, mi ò tíì lọ́kọ. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ni mò ń jowú rẹ̀, nítorí obìnrin kan tó sá wá sọ́dọ̀ wa láti ilẹ̀ Ègùn tí Faransé ń ṣàkóso, ọ̀rọ̀ náà sì ti débi pé gọ́fúmẹ́ńtì ń dúró de ohun tí màá fi ẹnu mi sọ. Tí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin náà di ẹ̀gbọ́n mi títí ayé. Tí mo bá sọ pé rárá, wọ́n á gbé e padà síbi tó ti sá wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó délẹ̀, torí kò sẹ́ni tí mo lè rò ó fún níbí, gbogbo ará abúlé ló ti gba tiẹ̀. Ìwé ìròyìn yín yìí, àwọn aláṣọ ló máa ń fi di ọjà wá láti Èkó, ibẹ̀ ni mo ti ń ka ẹjọ́ àwọn tó ń tọrọ ìmọ̀ràn, mo sì máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé ṣé orí wọn pé ṣá. Ẹ wá wò mí báyìí.

Etí òkun la wà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, orí omi nilé wa wà. Bàbá mi ti kú, èmi nìkan sì ni ọmọ tí Iye ní, Iye la máa ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Ṣawá tútù là ń rà lọ́wọ́ àwọn apẹja, a ó yan án, èmi àti Iye a ó wa ọkọ̀ gbé e lọ sọ́jà Òde Mahin. Iye máa ń jókòó níwájú, èmi níìdí ọkọ̀, ẹni tó bá sì wà níìdí ọkọ̀ ló ń darí rẹ̀. Láti ìgbà tí apá mi ti gbé àjẹ̀ ni ibẹ̀ ti jẹ́ tèmi, kò sẹ́ni tó bá mi dù ú rí.

Ìgbà tí àwọn Faransé ń kó àwọn èèyàn tó wà lábẹ́ wọn ṣiṣẹ́ túláàsì, tí wọ́n ń kó ọkùnrin lọ la ọ̀nà, tí wọ́n ń kó wọn lọ gégi nínú igbó, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í padà wálé, làwọn Ègùn bẹ̀rẹ̀ sí í gba etí òkun sá wá sọ́dọ̀ wa. Ajẹ́lẹ̀ wa ní kí wọ́n kéde káàkiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé wọn, kí baálẹ̀ pín wọn sílé-sílé, wọn ò sì ní san owó orí títí wọ́n á fi fìdí múlẹ̀. Inú mi dùn sí i o, mi ò ní purọ́, mo tiẹ̀ ń yangàn pé òyìnbó tiwa láàánú ju tiwọn lọ. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ rí obìnrin yìí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Sẹ̀namí, orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Inú ọkọ̀ tó ń jò ló jókòó sí, ó ń fi igbá gbọ́n omi, ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ tipẹ́, kò mọ̀, ó ṣáà ń gbọ́n ọn... Èmi ni mo gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo bọ́ ìró mi fún un. Èmi ni mo sọ fún Iye pé kó jẹ́ kó máa bá wa gbé. Àfọwọ́fà ni, ẹ ò rí i? Wọ́n ti mú ọkọ rẹ̀ lọ, kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, ni olóyè tó ń bá Faransé ka èèyàn bá ní Sẹ̀namí ni yóò wá ru ẹrù dípò ọkọ rẹ̀, ló bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tó sọ ọ́ fún wa, mo sunkún. Èmi yìí náà.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, mi ò lè sọ. Bóyá orí ẹja ni. Èmi ni Iye máa ń fún ní orí ẹja, ọjọ́ kan ó gbé e sínú àwo Sẹ̀namí, ó ní kó jẹ ẹ́, kó lè lára. Mo ní kò burú, àlejò ni. Lẹ́yìn náà ni ti ẹní. Iye ń hun ẹní kan, ẹní aláràbarà, ó ní tèmi ni, ti ọjọ́ tí màá lọ ilé ọkọ. Ibà mú Sẹ̀namí, Iye tẹ́ ẹní yẹn fún un. Ibà lọ, kò sẹ́ni tó ká ẹní. Tí Sẹ̀namí bá sọ Yorùbá tó wọ́, Iye á rẹ́rìn-ín débi tí á fi máa di ìhà mú, èmi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ létí rẹ̀ látọjọ́ tó bí mi, ẹ̀rín wo ló rín sí tèmi rí? Àti pé ó mọ ẹja í yan jù mí lọ. Ẹ gbọ́, mo ti sọ ọ́. Tèmi máa ń gbiná létí, tiẹ̀ á pọ́n dáadáa láìfọ́. Èyí tó wá dùn mí wọ eegun ni ọjọ́ ọjà kan tí mo dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, tí mo bá Sẹ̀namí níìdí ọkọ̀, àjẹ̀ mi lọ́wọ́ rẹ̀, tí Iye ní kí n kàn bọ́ sí àárín, pé Sẹ̀namí lágbára. Àárín tí à ń kó agbọ̀n ẹja sí! Mo jókòó síbẹ̀ dé Òde Mahin bí ẹrù, wọn ò sì bèèrè ohun tó ṣe mí.

Bí mo ṣe ń fara dà á nìyẹn tí gọ́fúmẹ́ńtì fi yí ohùn padà. Ajẹ́lẹ̀ tuntun dé, wọ́n ní òyìnbó tiwa àti òyìnbó Faransé ti jọ sọ̀rọ̀, ó ti tán, gbogbo àwọn tó sá wá gbọ́dọ̀ padà. Àfi ẹni tí òbí rẹ̀ bá jẹ́ ará ibí. Kí ẹnì kan ṣoṣo sọ bẹ́ẹ̀ kò sì tó o, ẹnu méjì ni wọ́n fẹ́ nínú ìdílé kan náà, ẹ̀kejì á sì wá fọwọ́ lé Bíbélì búra ní kọ́ọ̀tù Òde Mahin. Ọjọ́ tí láǹṣì, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gọ́fúmẹ́ńtì, gbé ajẹ́lẹ̀ àti àṣẹ yìí wá sí abúlé wa, mi ò sí nílé, mo lọ sí Ugbonla lọ ra agbọ̀n. Bí mo ṣe ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Ẹ kú oríire. Ẹ kú ewu ọmọ tó sọnù tá a rí. Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo ní ẹ̀gbọ́n wo?

Ohun tí Iye sọ níwájú ajẹ́lẹ̀ rèé. Nígbà tí òun àti bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, wọ́n tẹ̀lé ẹja gba etí òkun lọ sọ́hùn-ún bí àwọn ará wa ṣe máa ń ṣe, wọ́n pàgọ́ sórí iyanrìn, ibẹ̀ ni òun ti bí ọmọbìnrin kan kí òun tó bí mi. Òótọ́ nìyẹn, gbogbo ayé ló mọ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n sọ fún mi láti kékeré ni pé ọmọ náà kú, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Iye wá sọ fún ajẹ́lẹ̀ pé kò kú, pé àìsàn ló ṣe é, òun fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin Ègùn kan tó ń tọ́jú ọmọ, nígbà tí òun padà lọ, àgọ́ ti ṣí, òun ò rí wọn mọ́. Wọ́n ní ó sunkún débi pé ògbifọ̀ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún òyìnbó gan-an nu ojú. Ajẹ́lẹ̀ ní ó dáa, ó ku àbúrò rẹ̀. Àbúrò náà lèmi o.

Mo bèèrè lọ́wọ́ Iye, èmi àti òun nìkan, ṣé òótọ́ ni? Kò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹja tó ń ha ìpẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ìwọ lo gbẹ̀bí mi ni?” Gbogbo èsì tó fún mi nìyẹn. Látọjọ́ náà, gbogbo ìgbà ni mò ń wo ẹsẹ̀ Sẹ̀namí, mò ń wo etí rẹ̀, mò ń wo bó ṣe ń rìn. Àwọn aládùúgbò ní òun àti Iye jọra, àwọn kan náà tí wọ́n ń pè é ní Ègùn lóṣù tó kọjá! Ọjọ́ orí rẹ̀ sì bá ti ọmọ yẹn mu... tó bá jẹ́ irọ́ ńkọ́? Tó bá sì wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Èwo ló sàn fún mi níbẹ̀? Mo ń dá agbọ̀n gbé, mo sọ fún Sẹ̀namí pé wá bá mi gbé e, ìyàwó baálẹ̀ ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá ẹ̀gbọ́n ẹni sọ̀rọ̀, pé kí n sọ pé ẹ wá.

Àmọ́ ìyẹn kéré. Látọjọ́ tí mo ti dáyé, orúkọ mi ni wọ́n fi ń pe Iye. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Tí wọ́n bá ti pariwo Ìyá Lágbájá lórí omi, èmi ni Lágbájá yẹn, tí mo bá wà nínú ilé mo máa ń gbọ́ orúkọ mi kó tó jẹ́ tiẹ̀, inú mi á sì dùn láìmọ ìdí. Ó ti tán. Ìyá Sẹ̀namí ni wọ́n ń pè é báyìí, wọ́n ní àkọ́bí ni, àkọ́bí ni wọ́n sì ń fi pe ìyá. Ó sì ń dáhùn! Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi, kò tiẹ̀ dúró, ó ní hoo, ó jáde lọ. Mo dúró sínú ilé. Mo rò pé ó máa wẹ̀yìn wò mí.

Mo lọ bá pásítọ̀ wa, mo ní mò ń bẹ̀rù àti fi Bíbélì búra irọ́. Ó yìn mí, ó ní ọmọ tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni mí. Ojú tì mí, torí kì í ṣe Ọlọ́run ni mò ń bẹ̀rù. Ká ní òótọ́ pọ́ńbélé ni, ká ní mo wà níbẹ̀ nígbà tí Iye ń rọbí rẹ̀, ẹnu mi ì bá ṣì wúwo láti sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Sẹ̀namí mọ̀. A jọ ń ha ṣawá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Iye ti jáde, mò ń fi ìbínú ha á, ìpẹ́ ń ta sí i lójú. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Tó o bá fẹ́ sọ pé rárá, sọ ọ́. Mi ò ní bínú. Àmọ́ má jẹ́ kí Iye wà níbẹ̀ nígbà tó o bá ń sọ ọ́.” Ẹ̀yin èèyàn, ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe mí, àbí? Ó mọ ohun tó ń dúró dè é lọ́hùn-ún. Ẹrù ni wọ́n máa gbé lé e lórí, wọ́n á sì nà án mọ́ ọn nítorí pé ó sá. Àánú rẹ̀ ò ṣe mí o. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé òun ló ń ro ti Iye tó báyìí, tí èmi ọmọ rẹ̀ ò rò ó? Ta ló ní kó máa pè é ní Iye?

Láǹṣì á padà wá kí oṣù yìí tó parí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè fèsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kíákíá. Ẹ má ní kí n lọ gbàdúrà, mo ti gbà á. Ẹ má ní kí n bi Iye léèrè, mo ti bi í. Ṣé kí n lọ sí Òde Mahin lọ sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n rí, kí wọ́n pe Iye ní òpùrọ́ níwájú òyìnbó, kí wọ́n gbé obìnrin tí mo fọwọ́ ara mi fà sókè nínú ọkọ̀ lọ? Ṣé kí n fi ẹnu ara mi gbé ìyá mi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí n wá máa jókòó sí àárín ọkọ̀ títí màá fi lọ sílé ọkọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ìyá, ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n ní Iye ò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú gbogbo ohun tó sọ fún ajẹ́lẹ̀, wọ́n ní ó di etí ṣòkòtò òyìnbó náà mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí bàtà onítọ̀hún. Mi ò rí omijé Iye rí, kódà lọ́jọ́ tí bàbá mi kú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi nìyí, kó tó kan bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá: ká ní èmi ni láǹṣì wá gbé, ṣé Iye á sunkún báyẹn?