Balùwẹ̀ Tí Ẹ Kò Lò

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ ti parí. Táìlì ilẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, irin ìdìmú wà lára ògiri lọ́tùn-ún lósì, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń tì yín kiri lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Láti ìgbà tí a ti sin yín, kò sí ẹni tó wẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù Ìdí-Àràbà, ilé ní Sùúrùlérè ni mo wà pẹ̀lú àwọn bíríkìlà àti púlọ́ńbà. Mo fẹ́ kí ilé rọ̀ yín lọ́rùn tí ẹ bá dé. Àwọn ará àdúgbò ń fi mí ṣàpẹẹrẹ fún ọmọ wọn. Tí mo bá yọjú sí yín, eruku sìmẹ́ǹtì á wà ní bàtà mi, mi ò sì ní jókòó.

Ohun kan ṣoṣo lẹ bẹ̀ mí: kí n bá yín kọ orúkọ àwọn ará ilé wa àtijọ́ sílẹ̀, torí ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n. Mo ní ó di Sátidé. Sátidé mélòó, Bàbá?

Nọ́ọ̀sì kan ló bá yín kọ ojú ewé méjì. Orí ìyá tó bí bàbá yín ló dúró sí. Ó kọ Ìyá Àgbà, ó fi àlàfo sílẹ̀ fún orúkọ, kò padà wá kọ ọ́. Mo pe àbúrò yín obìnrin ní Abẹ́òkúta; Ìyá Àgbà náà ni àwọn mọ̀ ọ́n sí. Ta ló jẹ́ pe àgbà lórúkọ nílé wa? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, torí ẹ̀yin lẹ máa ń bá a kọ lẹ́tà ní kékeré, tí ẹ ń fi orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ṣé ẹ rántí kíláàsì tí ẹ ti ń kọ́ wa ní Yábàá, ọjọ́ tí mo fi ìṣirò kún ojú ewé mẹ́ta? Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ẹ ní ká ṣe. Ẹ fún mi ní òdo. Ẹ fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ṣiṣẹ́ gan-an, pé ìbéèrè kọ́ ni mo dáhùn. Ẹ ra gúgúrú fún mi lọ́nà ilé, ẹ ò sì yí máàkì náà padà.

Láàárọ̀ yìí mo wọ balùwẹ̀ náà, mo di irin náà mú. Kò mì rárá. Iṣẹ́ gidi ni.

Kí ni orúkọ Ìyá Àgbà, Bàbá?

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tó ti wá jókòó báyìí.