Àpò Ẹ̀fọ́ Lẹ́yìn Ilé Bàbá

Sátidé, oṣù karùn-ún, 1996

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ Bàbá kò ti gbé wọn dé oko mọ́, wọn kì í fẹ́ jáde síta. Lónìí, mo ra ìgbẹ́ màlúù ní Sábó, mo pò ó mọ́ ewé jíjẹrà àti ilẹ̀ dúdú, mo rọ ọ́ sínú àpò kòkó mẹ́ta.

Mo tún fẹ́ fi ọkọ́ tú u ni Bàbá bá pariwo lójú fèrèsé: "Fi sílẹ̀! Ìyá rẹ kì í tú ilẹ̀ ẹ̀fọ́. Ewé ló fi ń bò ó. Ekòló á ṣe ìyókù."

Ọdún kẹfà rèé tí Màámi ti kú. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ wọn.

Wọ́n tẹ ọ̀pá jáde, wọ́n bu ilẹ̀ náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Òórùn ọwọ́ ìyá rẹ nìyí."

Wọ́n ní kí n gbé irúgbìn tẹ̀tẹ̀ wá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fọ́n ọn.