Owó Fàdákà Bàbá Kessler

Winthrop Avenue,
Uptown, Chicago.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, 1986.

Ṣàkírù, ọ̀rẹ́ bí ọmọ ìyá,

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Gàníyù sọ fún ẹ. Èmi tí mo sá kúrò ní Modern School, ọwọ́ mi yìí ló gbé owó fàdákà tí yunifásítì Jámánì kan rọ láyé àtijọ́ láti fi ta ọmọ tó mọ̀wé jù lọ́rẹ. Kì í ṣe owó ìnáwó o. Irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ mọ́. Kí tíṣà wa wá wò mí.

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ẹsẹ̀ Ìyá Ràhámọ̀tù ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rìn dé ọjà? Ìyàwó ẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bú mi? Ara tèmi le, àfi òtútù ibí tó ń géni létí jẹ.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Skokie ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ èèyàn-án wẹ̀ tó mi níbẹ̀. Bàbá Kessler, ará Jámánì tójú wọn ti fọ́, èmi nìkan ni wọ́n ń gbà kó fá irùngbọ̀n àwọn. Bàbá tó bí wọn ló gba fàdákà yẹn. Ogun kó gbogbo ìdílé wọn lọ, kò ku fọ́tò, kò sí sàréè. Fàdákà yẹn ló kù, àti orúkọ tí bàbá wọn fi abẹ́rẹ́ ha sẹ́yìn ẹ̀, tín-ín-tín. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi àtàǹpàkò wá orúkọ yẹn. Tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á ní, "Good morning, Papa." Èmi náà á ní, "Papa, ẹ káàárọ̀ o, ọmọ yín ò fẹ́ jẹun." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín.

A gbọ́ pé ọmọbìnrin wọn ń bọ̀ láti California. Fàdákà yẹn sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìwọ náà mọ bá a ṣe máa ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹ̀gbà fàdákà Ìyá Ràhámọ̀tù tí Iléyá bá ń bọ̀. Ta ló ń fọ̀ ọ́ mọ́ jù mí lọ? Bàbá ń sùn lọ́sàn-án, mo mú un lọ sídìí omi. Kò séérú, mo lo páúdà tá a fi ń fọ balùwẹ̀ àti irin tá a fi ń ha ìkòkò. Mo rò pé orúkọ yẹn á tún hàn dáadáa ni. Ó ń dán bíi dígí. Ọmọ́níkẹ́, nọ́ọ̀sì wa, rí i, ó ní, "Jìbírílù, o tiẹ̀ mọṣẹ́."

Bàbá jí, wọ́n gbà á, wọ́n fi àtàǹpàkò wá a. Wọ́n yí i, wọ́n tún yí i. Wọ́n ní kì í ṣe tàwọn, pé níbo ni mo ta tàwọn sí. Mo bura títí. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọn ò gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n kú kí ọmọ wọn tó dé.

Ọmọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní fàdákà náà mọ́ tóní. Ó wá ní kí n fi ibi tí orúkọ bàbá àgbà òun wà han òun. Mo ní mi ò mọ̀.

Bá mi kí Ìyá Ràhámọ̀tù, kí wọ́n fi mí sínú àdúà. Má sọ èyí fún Gàníyù. Orúkọ yẹn, èmi ni mo fọ̀ ọ́ dànù.

Èmi ni tìrẹ níbi òtútù,
Jìbírílù.