Àbẹ̀wò Wa sí Ilé Ó-Ku-Ìṣáná

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára? Àwa náà wà láàyè, ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún ń dùn ún ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le koko. Ọlọ́run tó sọ ọ́ di ògbufọ̀ ìjọba kò ní jẹ́ kí ahọ́n rẹ kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

A rí ọ nínú tẹlifíṣàn ilé télọ̀. O jókòó sẹ́yìn olórí wa níbi tó ti ń bọ olórí ìlú kejì lọ́wọ́, ọkùnrin tí wọ́n ní ó ní bọ́ǹbù tó lè pa ayé rẹ́, tí àwọn èèyàn rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín àfi tóun bá kọ́kọ́ rín. Ìyá rẹ rí nǹkan dúdú tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ létí, ló bá bú sẹ́kún pé etí ń dùn ọ́. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, wọ́n kàn di etí rẹ kí o má baà gbọ́ àṣírí ìjọba ni. Ohun tó kọ mí lóminú ni bọ́tìnnì bọ́ǹbù tí wọ́n ní ó wà lórí tábìlì ọkùnrin náà. Ta ló ń nu tábìlì ọ̀hún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó máa fọwọ́ ara rẹ̀ nù ún.

Télọ̀ ní irú ìpàdé yẹn ò lérè, pé ẹni tó lọ kí ìkà nílé ló sọ ọ́ di èèyàn ńlá. Mo ní kó sinmi, ṣé kì í ṣe èmi ni mo bá Ó-Ku-Ìṣáná jókòó? O rántí rẹ̀, aládùúgbò wa tó ń fọ́ òkúta kí wọ́n tó ti ibi iṣẹ́ wọn pa, tó gbé àgbá ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta wálé, tó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá bá a jiyàn, á ní ó ku ìṣáná. Ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ wúkọ́ láìgbàṣẹ. Nígbà tí a ò kí i mọ́, ńṣe ló lọ gbé àgbá kejì. Mo wá ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ẹ jẹ́ ká lọ bá a.

Ọ̀rọ̀ àga ló kọ́kọ́ dá wa dúró, ó ní tòun gbọ́dọ̀ ga ju tiwa lọ. Èmi káfíńtà ni mo yanjú ẹ̀, mo gé ẹsẹ̀ tiwa kúrú. Èmi àti télọ̀ tí mo fi tipátipá mú la lọ. A bọwọ́, a ya fọ́tò, ó rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣèlérí pé òun á gbé àwọn àgbá náà kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì mú un ṣẹ! Ó gbé wọn sí ìdí ògiri wa. Àwa la gbàgbé láti béèrè ibi tó ń gbé wọn lọ, ẹ̀yin má gbàgbé tiyín o. Ó gbé fọ́tò náà kọ́ síwájú ilé, ó ń sọ fún èrò ọ̀nà pé a wá dọ̀bálẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò tíì dárúkọ ìṣáná, ó sì ń dáhùn tí a bá kí i. Bí ìyẹn ò bá jẹ́ èrè, kí ló ń jẹ́ èrè?

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń gún mi lọ́kàn. Ìyàwó rẹ̀ bá ìyá rẹ pàdé nídìí ẹ̀rọ omi, ó ní wọ́n kú àbẹ̀wò o, wọ́n sọ̀rọ̀ àga, wọ́n sọ̀rọ̀ àgbá, ẹnì kankan ò béèrè àwa tí à ń sùn sórí ẹ̀. Ọmọ mi, òótọ́ ni. Èmi tí mi ò lè ra ìṣó láìbéèrè ìyàwó àti ọmọ ẹni tó ń tà á, ẹ̀rù mú mi fo ìkíni yẹn. Ojú tì mí gan-an. A tún ń lọ lọ́jọ́ Àìkú, màá béèrè, màá sì ní kí obìnrin náà jáde wá fẹnu ara rẹ̀ dá mi lóhùn. Tó bá fẹ́ bínú, kó bínú, àgbá ṣáà ti wà lára ògiri wa tẹ́lẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ ra pákó, mo fẹ́ kan àga kan fún obìnrin náà. Má fi sínú fóònù mọ́ o. Owó tó o fi ránṣẹ́ níjelòó, mo tú ẹ̀yìn fóònù wá a, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀, mi ò mọ ẹni tó kó o. Fi rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ wálé.

Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́ láàárín àwọn alágbára, ọ̀rọ̀ rẹ ò ní di ìjà. Tí o bá tún dé iwájú ọkùnrin ẹlẹ́bọ́ǹbù yẹn, tí ẹ̀rù bá ń ba gbogbo wọn, ìwọ ọmọ káfíńtà, bá mi bi í pé ará ilé ń kọ́?

Èmi ni,
Bàbá rẹ.