Ìlà Kan Ṣoṣo Tí Mo Kọ

Màámi, èmi Akínkúnmi ni. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ara mi le. Òtútù ibí ò ṣe mí ní nǹkan kan, ilé ìdáná tí mo ti ń fọ àwo móoru dáadáa.

Títílọlá àbúrò mi ní kóòdù ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wá àkọsílẹ̀ yunifásítì, èyí tí ẹ tìtorí ẹ̀ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti kọṣẹ́. Ó ti sọ fún olùkọ́ rẹ̀ ní Ìkọ̀lé pé ẹ̀gbọ́n òun ló kọ ọ́, pé màá tún un ṣe kíá.

Ẹ̀ bá ti bi mí kí ẹ tó lọ dúpẹ́! Joy, ọmọ Ọ̀tùn, ló ni iṣẹ́ náà. Kí Títílọlá kọ̀wé sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi ìlà kan kún un, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀; bí orúkọ tèmi ṣe débẹ̀ nìyẹn. Ìlà tèmi ni "Ẹ káàbọ̀" tó ń kí ẹni tó bá ṣí i. Mo rí i pé inú yín dùn, mo bá dákẹ́.

Ojú ń tì mí, Màámi. Ìkíni nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ bá mi kí Bàbá, kí ẹ kí gbogbo ará ulé.