Kókó Tí Mo Ta Sára Òpó ní Kútọnu

Basile ọmọ mi, Àkànní,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara le, ṣé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ọ́ lórí, lọ́rùn, lẹ́sẹ̀? Èmi ìyá rẹ Madeleine ni mo ń kọ̀wé yìí ní Issaba, lórí àpótí tí o máa ń jókòó lé ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ. Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ, ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ ní Kútọnu kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ẹni tó bá ń wá ọ fún ibi kò ní mọ ilé rẹ. Ẹni tó ń wá ọ fún ire náà kò kúkú mọ̀ ọ́n, bí o ṣe máa gbọ́ níwájú. Ṣe àmín.

Gbogbo ilé ń kí ọ. Jocelyne àbúrò rẹ ti bí ọkùnrin, ẹnu ọmọ náà gbòòrò bíi ti bàbá rẹ. Ọkọ̀ àjàgbé kan tó ń bọ̀ láti Onigbolo fi ẹ̀yìn wó ọgbà ewúrẹ́ wa, awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó fún wa ní àpò sìmẹ́ǹtì kan tó ti dì gbagidi, òun la fi ń jókòó nídìí ààrò báyìí. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ṣì ń dùn ún. Ìròyìn ilé nìyẹn, mo ti sọ ọ́ tán, jẹ́ kí n wá sọ ohun tó mú mi gbé bírò.

Mo wá sí Kútọnu lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Má pariwo. Èmi nìkan ni mo wá.

Oṣù mẹ́rin ni a kò gbọ́ ohùn rẹ. Bí mo bá ní kí Arlette ọmọ ilé kejì bá mi pè ọ́, obìnrin yẹn ló ń gbé e, obìnrin tó ń jókòó ti fóònù rẹ ní bíróò tí o sọ fún wa pé o ti ń ṣiṣẹ́. Faransé ló ń sọ. Mo kí i, mo béèrè ọkọ àti ọmọ rẹ̀, kò dáhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ bí ẹni tó kọ́ ọ ní àkọ́sórí. Arlette ní ohun tó ń wí ni pé ẹni tí a ń pè kò sí nítòsí. Mo ní kó bi í pé ibo ló wá lọ láti oṣù mẹ́rin, ó pa fóònù mọ́ mi létí. Inú mi dùn pé ọmọ mi ti di ẹni tó ní akọ̀wé tirẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé tí kò mọ ìkíni kò yẹ ilé-iṣẹ́ gidi, kí o mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni ì bá jẹ́, àfi bí ìròyìn ṣe dé pé ọmọkùnrin kan láti Ita-Djèbou kú lórí alùpùpù ní Kútọnu, wọ́n sì sin ín síbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti gbọ́ ọ ni kò ti jẹun gidi mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á fọwọ́ kan etí àwo, á ní kí n gbé e fún ewúrẹ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án mo wo ọrùn rẹ̀, mo rí i pé bí n kò bá fi ojú ara mi rí ọ, n kò ní pẹ́ di opó. Mo di apẹ̀rẹ̀ mi, gàrí, epo pupa ìgò kan, adìẹ kan tí mo dè lẹ́sẹ̀, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ tútù bo gbogbo rẹ̀ lórí. Bàbá rẹ ní obìnrin tí kò kọjá ọjà Pobè rí, níbo ló ń lọ. Mo ní ibi tí ọmọ mi wà ni mò ń lọ.

Martial tó ń wa takisí Pobè já mi sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan, ó ní agogo mẹ́rin ni òun ń padà, ẹni tí òun kò bá rí, òun kò ní dúró dè é. N kò tíì rí ibi tí alùpùpù ti pọ̀ ju ènìyàn lọ rí. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n èdè wo ni mo fẹ́ fi béèrè? Mo wá rò ó pé ẹni tó bá wọ igbó tí kò mọ̀, àmì ló máa ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Mo ya ewé ọ̀pẹ lára èyí tí mo fi bo apẹ̀rẹ̀, mo ta á sára òpó àkọ́kọ́ ní kókó ẹrù mi, èyí tí mo fi ń di igi ìdáná àti àpò èkùrọ́ kí ẹrù ẹlòmíì má bàa dà pọ̀ mọ́ tèmi lọ́jà. O mọ̀ ọ́n, kókó méjì tó dojú kọra, ìrù rẹ̀ là sí mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ta láyé yìí àfi èmi àti ìwọ, tí mo kọ́ ọ nígbà tí o ń bá mi di ẹrù. Gbogbo ibi tí mo bá ti yà ni mo ń ta á sí.

Mo dé oríta kan, iná pupa wà lórí òpó, gbogbo alùpùpù dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ọba fẹ́ kọjá. Mo sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, mo dorí kodò. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, wọ́n ti ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, wọ́n ń bú mi ní Fọ̀n, n kò sì rí ọba kankan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ kí n tó gbà pé ọba ìlú yín kì í tètè jáde.

O ti sọ fún wa rí pé ẹ̀yìn àgbélébùú aláwọ̀ ewé tó ń tàn ni ilé rẹ wà. Mo yọ̀ nígbà yẹn pé ọmọ mi ń gbé nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí àgbélébùú náà lókèèrè, ó ń tàn lọ́sàn-án gangan. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà bí a ṣe ń ṣe ní ìjọ wa, mo wọlé, mo foríbalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gbàdúrà sókè. Ọmọbìnrin aláṣọ funfun kan sáré yọ, mo pè é ní wòlíì, ó ní kí n dìde, ibo ló ń dùn mí. Mo ní ọmọ mi ni. Oògùn ni wọ́n ń tà níbẹ̀, Basile, láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Ọmọ Sakété ni ìyá rẹ̀, ó gbọ́ èdè wa díẹ̀, ó fún mi lómi. Ó ní káàkiri Kútọnu ni ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn ń gbé irú àgbélébùú yẹn kọ́, pé òun kò lè ka iye wọn.

Mo lọ sí ìkejì, mo lọ sí ìkẹta, mo lọ sí ìkẹrin. Ariwo ń sọ lẹ́yìn mi. Ọkùnrin kan tó gbé èrò sórí alùpùpù rí ewé tí mo so, ó yí padà lójijì, èrò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Obìnrin kan kó igbá ọjà rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n rò pé òrìṣà ni wọ́n fi ewé ọ̀pẹ dí ọ̀nà fún. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé àmì ẹrù igi lásán ni, ta ló máa gbọ́ mi?

Níwájú àgbélébùú karùn-ún, ọmọkùnrin kan jókòó sábẹ́ agbòòrùn tó ti ya, ó to ìgò èsáǹsì, epo tí alùpùpù ń mu, sórí tábìlì, ó ń tà á fún àwọn alálùpùpù. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó fa fìlà bojú. Mo kí i, mo ní ṣé ó mọ Basile ọmọ Cyprien ará Issaba, tó ń ṣiṣẹ́ ní bíróò. Ó fi Fọ̀n dá mi lóhùn pé òun kò gbọ́ Ànàgó tí mo ń sọ. Fọ̀n tèmi kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyẹn. Mo ní ó dáa. Mo wá ń kùn sí ara mi ní Ànàgó pé ẹsẹ̀ ń ro mí, ọmọkùnrin tí kò gbọ́ Ànàgó yìí sì dìde, ó ti àga rẹ̀ sí mi nídìí.

Mo jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, nítorí ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹni kò lè tú àṣírí ẹni. Mo sọ ti ọmọ Ita-Djèbou, mo sọ ti bàbá rẹ àti àwo oúnjẹ rẹ̀, mo sọ ti takisí Pobè tí Martial fẹ́ fi gbé mi padà ní agogo mẹ́rin. Ó ń da èsáǹsì sínú ìgò lọ́wọ́, ìgò kún, ó ń ṣàn sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Ó ti rù. Mo bu gàrí fún un, mo fi epo lé e, mo fún un ní adìẹ náà, mo ní kó jẹ ẹ́ nítorí ọmọ mi. N kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ojú máa ń ti ènìyàn nígbà mìíràn, bí ìyá bá sì tẹjú mọ́ ọn jù, ó lè sá kúrò níbi tí a ti rí i.

Agogo mẹ́ta ti kọjá nígbà tí mo dìde. Mo dé ibi òpó tí mo ta kókó sí kẹ́yìn, kókó mi kò sí níbẹ̀. Mo dé èyí tó tẹ̀ lé e, kò sí. Àwọn tí ewé náà dẹ́rù bà ti tú gbogbo rẹ̀, wọ́n dáná sun ún lẹ́bàá kòtò, mo rí eérú rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà jọra, gbogbo ilé jọra. Mo yà sọ́tùn-ún, mo rìn, mo rìn, mo bá ara mi níbi tí mo ti kúrò. Ọkùnrin kan di apẹ̀rẹ̀ mi mú pé dandan kí n gun alùpùpù òun, mo fà á, ó fà á, mo já a gbà. N kò rántí orúkọ ibùdókọ̀ tí Martial já mi sí mọ́. Mo bú sẹ́kún ní gbangba, èmi àgbàlagbà. Ohun tí mo ń rò ni pé bàbá rẹ máa tún gbọ́ pé èmi náà kò padà.

Ibẹ̀ ni mo ti gbójú sókè, tí mo rí kókó kan lára òpó iná. Kì í ṣe ewé. Ọ̀rá dúdú ni, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́. Kókó méjì dojú kọra, ìrù rẹ̀ là sí mẹ́ta. Mo fọwọ́ kàn án, òórùn èsáǹsì ló ń yọ lára rẹ̀. Mo wo iwájú, òmíràn wà níbi tí ọ̀nà ti yà. Mo tẹ̀ lé e. Bí mo bá ti dé ìdí ọ̀kan, mo ti ń rí èkejì lókèèrè. Mo ka mọ́kànlá. Nídìí ìkọkànlá ni takisí Martial wà, ó ti tan ẹ́ńjìnnì. N kò wẹ̀yìn, Àkànní. Mo mọ̀ pé bí mo bá wẹ̀yìn, ojú á tì ọ́.

Mo tú ọ̀kan nínú wọn wá sílé. Mo fi lé bàbá rẹ lọ́wọ́. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó fi àtàǹpàkò tọ kókó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ta ló ta á. Mo ní ẹni tí a ń sunkún rẹ̀ ni. Ó ní kí n gbé oúnjẹ wá. Ó jẹ àwo méjì, ó ní ata kò tó.

Ó ní kí n béèrè ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún sẹfa lọ́wọ́ rẹ fún òrùlé ilé ìdáná. Mo ti béèrè báyìí, kó lè gbọ́ ọ nígbà tí mo bá ń kà á fún un. Ìwọ má dá a lóhùn. Ẹni tó ń ta èsáǹsì kò jalè. Irọ́ bíróò yẹn ló dùn mí, torí mo ń fi ọ́ yangàn nílé nígbà tí ebi ń pa ọ́ níbẹ̀. Ojú rẹ ni mo ń béèrè, n kò béèrè owó. Ohun kan ṣoṣo tí kò tíì yé mi ni obìnrin yẹn: bí kò bá sí bíróò, ta ló ń gbé fóònù rẹ? Bí ìyàwó ni, kó kọ́ ìkíni kí ẹ tó jọ wá.

Martial ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Mo ní kó fún ọmọkùnrin tí kò gbọ́ Ànàgó, níwájú àgbélébùú karùn-ún, á gbé e fún ọ.

Mo ti ta kókó mọ́kànlá láti ibi tí takisí ti ń já èrò sílẹ̀ lẹ́bàá títì, títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Okùn ni mo fi ta á, òjò kò lè tú u, mo sì ti sọ fún gbogbo Issaba pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, a máa nà án tán bí owó ni. Bí ojú bá ń tì ọ́, má kí ẹnikẹ́ni lọ́nà, sáà máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó fi ọ̀nà han ìyá rẹ̀, ọ̀nà ilé kò ní dí mọ́ ọn láéláé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Madeleine.