Bàbá Mi, Mo Fi Kúté Sàmì sí Táyà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ti mọ́ lára kì í sì í yá lórí bírò. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń falẹ̀, ẹ ṣe sùúrù fún mi, bí ẹ ṣe máa ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé kéú nígbà tí àwọn ọmọ tó kù bá ti jáde tán. Ẹ kì í pariwo. Ẹ kàn máa tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan péré, màá sì mọ̀ pé Bàbá mi ti dé.

Mo ti lọ́kọ, Bàbá mi. Bóyá ẹ ti gbọ́. Àbúrò yín ló dúró fún yín níbi yìgì. Agbádá yín aláwọ̀ ewé ni wọ́n wọ̀, ó tóbi lọ́rùn wọn. Mò ń wò wọ́n láti abẹ́ ìbòrí mi, mò ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀yin ni. Bẹ́yẹrúńká ni wọ́n mú mi wá. Láti ilé wa ní Àrẹ̀mọ síbí kò jìnnà, ẹsẹ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, àfi bí ẹni pé mo ti lọ sí Òkè Ọya.

Ọkọ mi dára. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn kí n tó sọ èyí tó kù. Bó bá ń bó ọsàn, tèmi ló máa ń kọ́kọ́ bó. Mọ́tò kékeré kan ló ní, òun ló fi ń kó búrẹ́dì láti ibi tí wọ́n ti ń yan án ní Òkè Padre lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba. Láràárọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Mápó pẹ̀lú ẹrù. Ẹ mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Ẹ kì í sọ̀ ọ́ láìṣe Bísímílà, ẹ ó sì na ọwọ́ òsì yín síta lójú wíńdò, bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ògiri ilé àwọn èèyàn. Kí lẹ máa ń fọwọ́ wá níta yẹn? Mi ò bi yín rí.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, àtọmọdé àtàgbà. Mo ti sọ gbogbo wọn lórúkọ tèmi. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tó dúdú tó ń dán bí kóró iṣin, Adúmáadán ni mò ń pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, tí wọ́n máa ń lọ aṣọ kí wọ́n tó lọ kí aládùúgbò, Gbajúmọ̀ ni mò ń pè wọ́n. Inú wọn dùn sí i gan-an. Gbogbo wọn ló ti rí orúkọ gbà lẹ́nu mi, èmi wá ń jẹ́ Ìyàwó. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní orúkọ tí ẹ̀yin ń pè mí. Nígbà míì, bí mo bá dá wà nídìí kànga, mo máa ń fi pe ara mi.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí gan-an ló gbé mi dé ìdí lẹ́tà. Ta ni màá tún sọ ọ́ fún tí kò ní fi mí rẹ́rìn-ín?

Gbajúmọ̀ ni wọ́n mú ọkọ mi lọ rà á, ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń ta mọ́tò, tí wọ́n sì tún ń ṣe sáfíìsì rẹ̀, ìyẹn ìtọ́jú àti àtúnṣe. Ẹ lè rí eyín yín nínú ilẹ̀ ibẹ̀, bó ṣe ń dán tó. Wọ́n ń fún èèyàn ní omi tútù. Gbajúmọ̀ ní ibẹ̀ lèèyàn gidi ń gbé mọ́tò lọ, ọkọ mi ò gbọdọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì abẹ́ igi láéláé. Ìgbéyàwó wa ò tíì tutù tí bíréèkì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo gbọ́ ọ kí ọkọ mi tó gbọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ etí mi. Ẹ ó ní kí n jókòó síwájú, kí n dijú, kí n sọ ohun tí mọ́tò ń sọ fún yín. Màá ní ebi ń pa á, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín títí orógbó á fi fẹ́ẹ̀ bọ́ lẹ́nu yín.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ fún sáfíìsì, mo rántí yín. Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní kúté pupa, ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun èékánná, nígbà ìgbéyàwó. Kúté kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá dé èékánná, làálì ni mo sì lé, nítorí náà ó kàn wà nínú àpótí mi ni. Mo mú un jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń fọ táyà, mo fa ìlà tín-ínrín láti orí nọ́ọ̀tù bọ́ sára irin táyà, bí ẹ̀yin ṣe máa ń fi ọ̀dà fà á kí ẹ tó fi mọ́tò yín sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá tú táyà, bó ti wù kó dì í padà tó, ìlà orí nọ́ọ̀tù àti ti ara irin ò ní pàdé mọ́. Mi ò ní ohun burúkú lọ́kàn sí wọn o. Ó kàn ń ṣe mí bí ẹni pé a jọ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ ni, èmi àtẹ̀yin.

Mọ́tò dé, ó ń ta sánsán bí òdòdó. Wọ́n ní àwọn ti pààrọ̀ gbogbo páàdì, ìyẹn èyí tí bíréèkì fi ń di táyà mú. Bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè dé ibi tí páàdì wà láìtú táyà. Nígbà tó dàárọ̀, mo gbé omi láti fọ̀ ọ́. Ìlà kúté mi wà bí mo ṣe fà á. Mo yí mọ́tò po. Bákan náà ni gbogbo wọn.

Omi dúró sí mi lọ́wọ́. Ta ni màá sọ fún? Ìyàwó tí làálì ò tíì ṣí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kó wá lanu sọ pé wọ́n rẹ́ Gbajúmọ̀ jẹ? Ibi tí mo ti ń rò ó ni ọkọ mi ti gbé mọ́tò jáde. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mi ò lè rán nǹkan kan. Bí ọmọdé bá pariwo lójú títì, màá sáré jáde lọ wò. Mò ń rí Mápó. Mò ń rí búrẹ́dì tó fọ́n ká sílẹ̀. Nígbà tó dé, mi ò tiẹ̀ rántí gbé omi fún un, mo fà á lọ́wọ́ lọ sídìí táyà.

"Kí nìyí?"

"Kúté mi ni."

"Kí ni kúté ń wá lára táyà? Ṣé mọ́tò náà fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó ni?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ́ ìlà náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

A jọ padà lọ sí ilé-iṣẹ́ náà. Ọkùnrin kan tó so táì ló dá wa lóhùn. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀rọ ìgbàlódé la fi ń ṣe é níbí. Àwa kì í tú táyà mọ́." Ó wá wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ẹ lọ fi kúté yín kun èékánná, ọkọ yín á fẹ́ràn ẹ̀." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ń dán, omi tútù wà lọ́wọ́ wa. Mo rí i lójú ọkọ mi pé ó fẹ́ gbà wọ́n gbọ́.

Bàbá mi, ẹ má bínú. Níta ni mo ti ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Tìámíyù, mẹkáníìkì yín àtijọ́.

Àwọn náà ni. Wọ́n ṣì wà nídìí igi ọdán yẹn lọ́nà Mọ́lété. Mo mọ̀ pé ẹ kì í kí wọn mọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yín pamọ́, tí wọ́n ní mọ́tò yín ò ní lọ sí Ṣakí láìjẹ́ pé wọ́n ṣe bíréèkì rẹ̀ tán, tí àwọn èrò yín sọ̀ kalẹ̀ lọ wọ mọ́tò ẹlòmíì, bí ẹ bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ẹ ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Títí tí ẹ fi lọ ni. Ṣùgbọ́n mo rí wọn lọ́jọ́ tí a sin yín. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọn ò gba omi, wọn ò gba oúnjẹ. Ẹni tí ẹ bá bínú sí tó bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò jẹ́ kí ẹ lọ, mo rò ó pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mò ń wá.

Abẹ́ mọ́tò ni wọ́n wà nígbà tí a débẹ̀, ẹsẹ̀ wọn nìkan ló jáde. Mo kúnlẹ̀ kí ẹsẹ̀.

"Ọmọ ta ni?"

Mo dárúkọ yín. Ẹsẹ̀ náà ò mira. Wọ́n wá jáde, wọ́n nu ọwọ́ títí, wọn ò wo ojú mi.

"Ṣé ó ṣì ń bínú sí mi kó tó lọ?"

Mo ní rárá o, Bàbá. Ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹ ò kúkú sọ fún mi. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, ẹ bá mi sọ ọ́ di òótọ́ níbi tí ẹ wà.

Wọ́n tú táyà. Páàdì ti jẹ tán, irin ń ha irin. Wọ́n kàn yọ kọ́kọ́rọ́ lára mọ́tò, ó di àpò ṣòkòtò wọn.

Ọkọ mi ní, "Bàbá, àwọn oníbúrẹ́dì ń dúró dè mí. Ẹ jẹ́ n fi gbé tòní, màá gbé e padà wá."

"Fi orí ru búrẹ́dì ẹ."

"Bàbá, mọ́tò mi ni o!"

"Mo gbọ́. Àpò mi ni kọ́kọ́rọ́ wà."

Ó ń fò sókè sódò, ó ń pe Ọlọ́run, ó ń bọ́ fìlà, ó ń dé e padà. Bàbá mi, àfi bí ẹni pé ẹ̀yin ni. Gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn. Mo fi ìbòrí bojú, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mò ń rín tàbí ẹkún ni mò ń sun. Ọkọ mi rò pé òun ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Inú Máíkírà tó gbé wa padà ni mo ti sọ ìtàn yín fún un. A dé Bẹẹrẹ. Ó wá ní, "Ṣé Bàbá ẹ ì bá fẹ́ràn mi?" Mo ní wọn ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Nílé, ọ̀rọ̀ ti dé etí Gbajúmọ̀. Ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, Adúmáadán ń ṣa ẹ̀wà.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé mọ́tò tí mo fi ọwọ́ ara mi mú yín lọ rà, lọ sábẹ́ igi?"

Ọkọ mi fẹ́ gbà á rù. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń yà. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé náà, ẹ káàárọ̀ àti ẹ kúulé nìkan ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu mi láwùjọ. Mo kúnlẹ̀.

"Èmi ni, sà."

Adúmáadán ní, "Ha! Ìyàwó lóhùn!" Ìyá ọkọ mi ní kó panu mọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ kúté, mo sọ ọ̀rọ̀ ìlà, mo sọ ọ̀rọ̀ yín. Gbajúmọ̀ dìde, wọ́n wọlé. Mo rò pé mo ti ba ilé ọkọ mi jẹ́.

Láàárọ̀, mò ń gbálẹ̀, ni mo bá rí wọn lẹ́yìn mi, aṣọ wọn lílọ̀ bíi ti ìgbàkigbà. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Ìyàwó. Kúté yẹn, ṣé ó kù?"

Mọ́tò tiwọn náà fẹ́ lọ fún sáfíìsì níbẹ̀, ni wọ́n wí. Mo fa ìlà sí i fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlà náà ṣe rí nígbà tí mọ́tò padà dé: kò yẹ̀ rárá. Ìdí igi ọdán ni tiwọn náà wà báyìí. Wọ́n gbé àga lọ, wọn ò fẹ́ kí ilẹ̀ ba aṣọ wọn jẹ́.

Lọ́jọ́ tí a lọ gba mọ́tò ọkọ mi, Bàbá Tìámíyù di páàdì àtijọ́ sínú bébà fún mi, mi ò béèrè. Wọ́n ní, "Bàbá ẹ máa ń gbà á, kó lè mọ̀ pé a pààrọ̀ rẹ̀." Wọ́n wá tọ́ka sí táyà, wọ́n ní kí n wá fa ìlà mi kí n tó lọ. Wọ́n ní, "Ó rò pé mi ò rí ìlà òun. Mo máa ń rí i. Bí mo bá di táyà tán, màá tún bá a fa òmíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ de ìgbà míì." Ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ẹ rí i rí pé ìlà náà máa ń di tuntun?

Òní ni ọkọ mi kọ́kọ́ fi mọ́tò náà gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó látìgbà tí a ti gbà á padà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé yìí kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Páàdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà yín nínú àpótí mi. Mo ti dijú lẹ́ẹ̀mélòó kan, mò ń gbọ́ ohun tí àwọn mọ́tò ń sọ, kò tíì sí tiwa níbẹ̀.

Ẹ dúró ná. Mò ń gbọ́ ọ̀kan tó ń bọ̀. Bíréèkì rẹ̀ ò ké, Bàbá mi. Ó kàn rọra dúró. Ó tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan péré, bẹ́ẹ̀ mi ò sọ ìyẹn fún un rí.

Adúmáadán ti ń pariwo níta, "Ìyàwó! Ìyàwó o! Ọkọ ẹ ti dé, ó ní búrẹ́dì kù fún ẹ!" Mò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ n tètè fọwọ́ sí i bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé-ìwé. Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹ máa ń dúró dè, tí ẹ máa ń pè ní...